Ibi Tí Ojú Efe Kò Lè Dé

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìgbúròó mi. Láti Wárì níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí Bọ̀ọ̀dá mi àgbà tí wọn yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí wọ́n rọra kà á, kí wọ́n má fo ibì kankan. Mo kí ìyàwó wọn. Mo kí àwọn àbúrò bàbá mi tó wà nídìí òfì. Èmi ni mo ní kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ lẹ́tà yìí jáde, nítorí pé gbangba ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe, gbangba náà ló sì yẹ kí n ti sọ ọ́.

Mo gbọ́ pé àwọn ará ilé tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun ti délé sọ fún yín pé mo fọwọ́ ara mi ba ọjọ́ ayọ̀ mi jẹ́. Wọ́n ní mo ṣí fìlà lórí pèpéle, mo wá ń sọ̀rọ̀ kápẹ́ńtà dípò ìṣirò. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ ti bi mí nígbà kan pé irú ìṣirò wo ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní owó nínú. Ìrísí ni tèmi, Ìyá mi: àmì, ìlà, àti igun tí èèyàn lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan tó wà nínú ẹ̀ka náà ni pé, bí ilé kan bá wọ́, tó ní kọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀ṣọ́ mélòó ló tó láti dúró sínú rẹ̀ tí kò fi ní sí ibi tí ojú wọn kò dé? Bí igun ilé náà bá jẹ́ méjìlá, ẹni mẹ́rin ti tó, bó ti wù kí ó wọ́ tó. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́. N kò mọ̀ pé yóò bá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé mi.

Nígbà tí ìjà ẹ̀yà le ní Wárì, tí wọ́n ń sun ilé ní ọ̀sán gangan, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Okumagba Layout ni mò ń gbé. Mo ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn. Èmi nìkan ni mo kù sínú yàrá méjì, pẹ̀lú ìwé àti òjò tí kì í dá. Àwọn ọkùnrin tó ṣẹ́kù ní àdúgbò kò pọ̀. Lándílọ́ọ̀dù tó jẹ́ alága wa wá bá mi, ó ní ṣebí mo mọ ìwé, kí ni ìwé náà lè ṣe fún wa báyìí. Mo ya àdúgbò wa sórí páálí. Igun méjìlá ni mo kà. Mo fi àmì sí ibi mẹ́rin, mo ní bí ẹni mẹ́rin bá dúró síbẹ̀, kò sí ibi tí a kò ní rí.

Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n fi Efe sí ìdí búkà iṣẹ́ rẹ̀. Kápẹ́ńtà ni Efe, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni, òun ló kan ibùsùn tí mò ń sùn sí. Wọ́n fi Orímisan sí igun tó kọjú sí i. Ará Ìlàjẹ ni Orímisan, ó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ létí omi ní Ogbe-Ijoh, ó ń tà á. Láti ìdí búkà Efe, èèyàn lè rí igun Orímisan kedere. Bí mo ṣe yà á nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn ọmọkùnrin tí a kò mọ̀ gba igun Orímisan wọlé. Wọ́n ṣá a ládàá léjìká, wọ́n sun ilé mẹ́ta kí a tó mọ̀. Nígbà tí a wá Efe, kò sí nídìí búkà. Ó padà dé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Ejiro, lẹ́yìn. Ó ní òun gbọ́ pé wàhálà ti dé ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà, òun sáré lọ gbé e ni.

Wọ́n pe ìpàdé lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan ní Efe mọ̀ sí i, pé àwọn èèyàn rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é kí ó kúrò lójú ọ̀nà. Alága wá yíjú sí mi, ó bi mí pé bí Efe bá wà nípò rẹ̀, ṣé yóò rí Orímisan? Mo dìde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ìṣirò kì í parọ́. Ìyá mi, gbólóhùn méjì péré ni. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti da ẹrù Efe síta. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń lọ, àwọn ọmọdé ń hó lé wọn lórí pé ọ̀dàlẹ̀. Orímisan wà lórí ibùsùn ọsibítù nígbà náà, kò mọ ohun tó ń lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi kò ti lélẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé ta ni ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ wa? Mo jókòó ti ìbéèrè yẹn fún ọdún púpọ̀: ẹ̀ṣọ́ mélòó ló yẹ kí ó wà tí kò fi ní sí ẹ̀ṣọ́ kan tí ẹlòmíràn kò rí? Mo kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní òkè òkun, mo tún kọ òmíràn. Yunifásítì gbé mi láti ipò dé ipò. Ẹ̀yin ń pa àdìẹ ọpẹ́ nílé. Ẹ kò mọ̀ pé orí eérú ilé mẹ́ta ni mo dúró lé tí ọwọ́ mi fi tó ipò náà.

Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé àwòrán náà lọ bá Orímisan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mọ́ láti ìgbà náà. Mo fẹ́ kí ó rí igun tirẹ̀ nínú iṣẹ́ mi, kí inú rẹ̀ dùn. Ó wo páálí náà títí. Ó wá fi ìka sí i, ó ní ibẹ̀ kọ́ ni òun dúró. Ó ní oòrùn ọjọ́ náà pọ̀, òun kúrò lórí àmì, òun lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kóńténà ńlá kan nítòsí ibẹ̀. Mo fi ìka tọ ìlà láti ìdí búkà Efe dé ibẹ̀. Bí Efe bá tilẹ̀ dúró gbọnin nípò rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn kóńténà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní nígbà tí òun fi máa jáde ní ọsibítù, Efe ti lọ, àlejò sì ni òun náà nílùú. Òun bẹ̀rù kí wọ́n má ní òun sùn lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lé òun náà. Ó sunkún. N kò lè bá a wí. Òun, ẹ̀rù ló fi dákẹ́. Èmi, ìgbéraga ni mo fi sọ̀rọ̀.

Àwa méjèèjì jọ wá Efe lọ. Airport Road la ti bá a, ó ń kan ilẹ̀kùn. Ojú ọ̀nà náà ti dá díẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ọmọ tó ń gbé ìbọn lórí omi ń jí òṣìṣẹ́ epo gbé, àwọn òyìnbó ti sá kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì. Efe gbọ́ wa dópin láì gbé ìfági ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Prof, me I know wetin I do that day. No be me you go tell. Go tell my pikin.”

Ejiro, ọmọ tó ní kí n lọ sọ fún, ti dàgbà, ó ń tajà ní kẹ́míìsì kan nítòsí ibẹ̀. Mo dúró níwájú káúńtà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé òun ni bàbá òun wá gbé. Ẹ̀yìn rẹ̀ lòun wà tó fi ń sáré. Ṣùgbọ́n ó ní títí dòní, bí òun bá pàdé ará àdúgbò náà, wọ́n á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá wò mí, ó ní, “For meeting you talk am. Now you come whisper am for shop?”

Ìdí nìyẹn, Ìyá mi: ìpàdé ni mo ti dá wọn lẹ́bi, kò yẹ kí n wá sọ òótọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ránṣẹ́ pe alága àti gbogbo ará àdúgbò tó kù síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ń retí ìṣirò mi, mo ṣí fìlà, mo ya àdúgbò wa sójú pátákó, mo sì sọ ẹni tí ìṣirò mi dá lẹ́bi láìṣẹ̀. Orímisan dìde láàárín èrò, ó ní òun ni òun kúrò lórí àmì. Alága bojú wolẹ̀, ó jáde. Àwọn kan ní n kò yẹ ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Bóyá òótọ́ ni.

Ìwé iṣẹ́ tí yunifásítì kan nítòsí ilé kọ sí mi wà lórí tábìlì mi. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n kúrò níbí kí ìbọn tó ká mi mọ́. N kò tíì fèsì. Ilé mẹ́rin ló ṣẹ́kù ní àdúgbò náà tí wọn kò wá gbọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo sì ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn. Bí mo bá parí ti ẹkẹrin, màá wá jókòó tì yín, a ó jọ sọ ọ́.

Ohun kan wà tí àwọn ará ilé kò rí, nítorí wọ́n ti lọ jẹun. Nígbà tí gbọ̀ngàn ti dá, mo padà wá mú ìwé mi. Efe wà níwájú pátákó pẹ̀lú Ejiro, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lápá rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fà á láti ìdí búkà rẹ̀, ó ń fà á lọ títí tó fi jáde kúrò nínú àwòrán mi, títí dé etí pátákó. Ọ̀nà tó sáré gbà lọ gbé Ejiro ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà ló ń fi han ọmọ rẹ̀. N kò ya ọ̀nà yẹn rí.

Ọlọ́run Ọba yóò dá yín sí fún wa, ojú yín kò ní fọ́, ẹsẹ̀ yín kò ní rọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ rántí Efe nínú àdúrà yín kí ẹ tó rántí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Làmídì.