Ọjọ́ Tí Ògùṣọ̀ Gba Òkè-Ẹ̀mì Kọjá

Ilé Ládòkun,
Òkè-Ẹ̀mì, lẹ́yìn Ofiki.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta.

Samsudeen, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kí ọ, mo kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, mo sì kí orí rẹ ńlá tí fìlà kankan kò gbà rí láti kékeré. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìsẹ́yìn? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́fun? Ní tèmi, eyín mẹ́rin ló kù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì bá ara wọn pàdé, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Misturat ìyàwó rẹ ní kí n kí ọ. Ó rò pé ìkíni nìkan ni mo ń kọ sínú ìwé yìí. Má ṣe jẹ́ kó mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíṣà Dáníẹ́lì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níléèwé, sọ fún mi pé fídíò kan ń káàkiri orí fóònù, ó ti dé Ìsẹ́yìn: bàbá arúgbó kan gbé ìwé sókè, ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ìjọba, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Bí o bá ti rí i, tí ìwọ náà sì ti rẹ́rìn-ín, mo ti dárí jì ọ́. Bàbá rẹ ni. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ, torí àwọn tó ya fídíò náà kò ya ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Níparí oṣù tó kọjá ni káńsẹ́lọ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ògùṣọ̀ àjọ̀dún eré ìdárayá, iná tí wọ́n máa ń gbé láti ìlú dé ìlú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ń ti Òkèhò bọ̀, yóò yà sọ́dọ̀ wa kó tó lọ sí Ṣakí. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní iná jó oko kajú wa léṣìí, ọjọ́ mẹ́ta la fi ewé tútù lù ú, ìjọba ò wá. Àfi ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún mú, ni ìjọba fúnra rẹ̀ wá ń gbé iná bọ̀. Lèmọ́mù béèrè bóyá ẹni tó bá kí iná káàbọ̀ kò tíì bọ iná. Pásítọ̀ náà béèrè ohun kan náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò tako ara wọn. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Iná tí kò lè se iṣu kan jinná, ta ni yóò bọ ọ́?

Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ pé ọ̀gá obìnrin kan láti Ìbàdàn ń bá iná náà bọ̀, àti pé yóò fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ tẹnu wọn, ohùn gbogbo wa yí padà. O mọ ọ̀rọ̀ tí a ní. Ọdún kẹta rèé tí nọ́ọ̀sì Olúwafọlákẹ́mi ti lọ, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ewúrẹ́ Baálẹ̀ ló ń bímọ sínú dísípẹ́ńsárì wa báyìí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń bí. Ìyẹn ni mo fi ń pa ará ìlú lẹ́rìn-ín. N kò sọ ọ́ létí Misturat rí. Orí ọ̀kadà ló wà léṣìí, láàárín wa àti Ṣakí, nígbà tí àkọ́bí yín bọ́ lọ́wọ́ wa. Oyún tó wà nínú rẹ̀ báyìí ti pé oṣù méje.

Baálẹ̀ Jẹ́ẹ́dé ní èmi ni kí n kọ ìwé tí a ó kà, torí mo dé Sitáńdáàdì Fọ́ọ̀, ẹnu mi kì í sì í kọsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, tí mo tún un kọ. A ò tọrọ ọ̀dà sójú títì, a ò tọrọ iná mànàmáná. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni a tọrọ.

Aago méjìlá ni wọ́n dá fún wa. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí a fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ wọn. Iyán ṣì wà nínú odó, awó tí a pa sì ń hó lórí iná. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé funfun ló gbé ògùṣọ̀ náà sáré wọlé. Kí n sòótọ́ fún ọ, iná orí rẹ̀ kò tó ti àtùpà tí ìyá rẹ máa ń tàn sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ní. Ẹ sọ tinú yín, mo ń gbọ́.”

Samsudeen, ìwé wà lápò mi. Ọwọ́ mi ti kàn án. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ẹkún pàdé àlejò tí kò tíì mu omi? Ní Òkè-Ẹ̀mì níbí, bí ọ̀tá ẹni bá wọlé, omi la ó kọ́kọ́ bù fún un, a ó sì fún un lóúnjẹ, kí a tó bi í ní ohun tó wá ṣe àti ohun tó ti ṣe sí wa. Baálẹ̀ wò mí, mo wo Baálẹ̀, a jọ sọ ọ́ pọ̀ pé omi ló kàn. Obìnrin náà ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi ni, ó sì gbé ike omi rẹ̀ hàn wá. Mo ní, “Omi ilé yín nìyẹn, ìyá. Ẹ ò tíì mu tiwa.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gba igbá, ó mu ún. Ó wá ku oúnjẹ, oúnjẹ kò sì tíì délẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ba nǹkan jẹ́. N kò fẹ́ kí àlejò máa wo ilẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ àwàdà. Mo bi ọ̀dọ́kùnrin yẹn bóyá iná ló ń gbé kiri wá ìyàwó ni. Mo ní iṣu tí mo ń rù bọ̀ láti oko nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀ wúwo ju ògùṣọ̀ rẹ̀ lọ, ọlọ́pàá kan kò sì tẹ̀lé mi. Mo ní bí ìjọba bá ń wá ibi tí wọn yóò gbé ọ̀gá náà lọ, yàrá méjì ló ṣófo nílé mi, ọkùnrin inú yàrá kẹta sì ṣì lè dáná. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń yà mí. Nígbàkígbà tí mo bá rántí ìwé náà, màá sọ lọ́kàn ara mi pé kí obìnrin náà kọ́kọ́ fi òkèlè kan péré kan ẹnu ná. Mo ń gbọ́ ìró odó. Mo rò pé ó ti kù díẹ̀.

Ẹnì kan fun fèrè. Obìnrin náà dì mọ́ mi, ó ní àwàdà mi mú inú òun dùn ju gbogbo ìlú tí àwọn ti gbà kọjá lọ. Ó wọ jíìpù, wọ́n pa fèrèsé dé.

Mo fa ìwé yọ, mo gbé e sókè, mo sáré. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, mo sáré. Mo ń pè é pé nọ́ọ̀sì ni, nọ́ọ̀sì ni. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó kẹ́yìn yọ orí síta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ọ̀dọ́kùnrin ògùṣọ̀ yẹn ni mo ń sín jẹ. Mi ò bínú sí wọn. Àwọn ará ìlú wa ńkọ́, tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ìwé náà? Àwọn náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kì mí. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín, báwo ni wọn yóò ṣe mọ ọjọ́ tí n kò ṣeré?

Misturat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ti jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀mì tó wà létí ọ̀nà kó tó bá mi, òun pẹ̀lú ikùn yẹn. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó ní, “Bàbá, ẹ má sáré mọ́. Wọn ò ní í dúró.” Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé ilẹ̀ ti ṣú.

Iyán délẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Àwa fúnra wa la jẹ ẹ́. Tíṣà Dáníẹ́lì ya fọ́tò ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan tó gbà lọ́wọ́ wọn. Àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ni wọ́n fi dá a lóhùn, láti ọjọ́ náà a ò tún gbọ́ nǹkan kan. Káńsẹ́lọ̀ ní ká ní sùúrù, ògùṣọ̀ náà tún lè gba ọ̀dọ̀ wa lọ́dún méjì sí i. Mo bi í bóyá kí a sọ fún oyún Misturat kó dúró dè é.  Ọmọ dáadáa ni, òun náà ò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Wá mú ìyàwó rẹ. Wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí bí odò bá ti kún, kò sí ọ̀kadà tó lè kọjá. Yàrá kan tí o ní yẹn, ẹ há ara yín mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn wà ní Ìsẹ́yìn. Mo ti sọ fún un kó lọ, ó kọ̀, ó ní ta ni yóò máa se oúnjẹ fún mi nígbà tí ìyá rẹ ti kú. Nítorí náà parọ́ fún un. Sọ pé ojú rẹ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bá ọ fi òwú sí i. Irọ́ kò ṣòro fún ọ, èmi ni mo bí ọ. Bó bá sì bímọ tán, ẹ má gbé ọmọ náà wá síbí kí n lè rí i. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà.

Ọlọ́run yóò sọ Misturat kalẹ̀ ní gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ. Kò ní í jẹ́ ká sunkún ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Yóò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa rí iṣẹ́ ṣe, kí ọmọ yín sì dàgbà síbi tí wọ́n ti ń dá èèyàn lóhùn. Mò ń ṣe àdúrà náà lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ, aláwàdà tó ṣe é kọjá ààyè,

Ládòkun.

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ kan: Bí o bá ń mú Misturat lọ, gba kọ́kọ́rọ́ kejì ilé yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kó wà lọ́dọ̀ tìrẹ. Igi apá gidi ni ilẹ̀kùn yẹn. Lọ́jọ́ tí o bá kàn án tí n kò dáhùn, n kò fẹ́ kí wọ́n fi àáké ṣí i.