Màmá Kúnlẹ̀ Kí Mi

Mòwé,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, 2008.

Gbémiga àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Bàbá Delight ti bọ́ lọ́wọ́ ibà, kànga wa náà ti lómi.

Mo ka lẹ́tà rẹ. O ní jíìnì kan, àbùdá tí a ń jogún, ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pé kó kú, pé ẹ̀yin olùwádìí lọ́hùn-ún fura pé àṣejù rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa àrùn ìgbàgbé tó ń ṣe Màmá wa. O kú iṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n. Odindi ojú ewé méje! O ò tiẹ̀ béèrè bóyá ó ń jẹun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lo ní kí n gbà ránṣẹ́.

Láàárọ̀ àná, Màmá wọlé bá mi, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá ọkọ mi." Ìyá tó bí mi lọ́mọ! Mo sáré kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, mo ní, "Màmá, ẹ dìde, Ìbíwùnmí ni." Ó ní òun ò jẹ́ dìde nígbà tí ìyá ọkọ òun ṣì wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà níbẹ̀ títí orúnkún fi ń ro àwa méjèèjì.

Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o mọ ohun tó ń pa ọpọlọ, jọ̀ọ́, wá bá mi gbé Màmá dìde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìbíwùnmí