Gìtá Tí Kò Ní Inú

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun lásìkò, nítorí bí o bá ti mú igi dání o kì í rántí ikùn mọ́, ó sì ní ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ìyẹn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ayùn gé ọ lọ́wọ́, kí igi tí o bá fọwọ́ kàn má là, kí oníbàárà má wọ́n ọ. Àmín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, àfi pé ìdúró ni mo wà bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, màá dé orí ìyẹn láìpẹ́. Adìyẹ pupa ìyá rẹ ti pa ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ́ tíṣà ra bàtà kan tó ń ké bí ó bá ń rìn, kò lè yọ́ wọlé mọ́, ọkọ rẹ̀ sì ní bàtà náà wu òun.

Gìtá tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Mo gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ nínú fóònù, pé òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ ń jò, pé àwọn tó ń tún un ṣe kò ní parí títí ọ̀sẹ̀ méjì, pé ọ̀rinrin lè mú kí ọrùn gìtá tẹ̀, pé kí n gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, kí n má sì fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀ títí o ó fi wá mú un lọ fún oníbàárà rẹ. Mo gbọ́. Etí mi kò di.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó gbé e wá yọ fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí n buwọ́ lù ú. Èmi kì í buwọ́ lu ohun tí mi ò kà, mo kà á látòkè délẹ̀. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ bóyá ẹrù náà pé, bóyá ó lábùkù. Ni mo bá tú gìtá wò. Okùn mẹ́rin péré! Gìtá ọkọ àbúrò ìyá rẹ, mẹ́fà ni okùn rẹ̀, ojú mi ni mo fi kà á. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé okùn méjì sọnù lọ́nà, mo sì wo awakọ̀ náà tìfuratìfura. Ó búra, ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta, ó ní kí ni òun fẹ́ fi okùn gìtá ṣe láyé òun. Níbi tí wọ́n ti béèrè àbùkù, mo kọ ọ́ pé gìtá náà kò ní ihò. Jọ̀wọ́, tí o bá rí awakọ̀ náà, bá mi bẹ̀ ẹ́. Kò mu omi wa kó tó lọ.

Ihò yìí ni kò jẹ́ kí n sinmi. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Mo fi ìka ta okùn, ohùn tó jáde kò tó èyí tó lè jí ọmọ tuntun. Mo ní ṣé ọmọ mi ló ṣe gìtá tó dán báyìí, tó wá gbàgbé ibi tí ohùn máa gbà jáde? Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, o sì dá wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sí àgbà tó ń bá ọ yẹ iṣẹ́ wò. Oníbàárà yìí náà, inú fóònù ló ti rí gìtá, inú fóònù ló ti sanwó, kò fi ìka kan igi gbọ́ bóyá ó gbó. Mo ní tó bá dé tó bá gìtá aláìníhò, orúkọ ọmọ mi bàjẹ́ nìyẹn. Ni mo bá mú irin ìgbẹ́gi.

Ọmọ mi, má tíì pariwo. Ka lẹ́tà yìí dópin kí o tó pè mí.

Mo ya ihò náà roboto, ó fẹ̀ tó ẹnu ife, lápá òkè níbi tí kò sí irin kankan. Mo ń gbẹ́, mo ń retí àtikan inú rẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ wọlé, igi. Mo tún gbẹ́ ẹ, igi. Mo ní háà, inú gìtá yìí mà jìn o. Nígbà tó yá, mo rí tábìlì mi. Mo ti yọ sí òdìkejì! Gìtá rẹ kò ní inú rárá, igi gidi ni látiwájú dẹ́yìn. Mo gbé irin sílẹ̀. Ìyá rẹ yọjú, ó béèrè bóyá ìwọ lo rán mi níṣẹ́ yẹn, mo ní rárá. Ó káwọ́ lérí, ó padà sídìí adìyẹ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí o pè, tí ojú èèyàn ń hàn nínú fóònù, tí o ní òkùnkùn nìkan lò ń rí, tí o wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú fóònù, mo mọ̀ ọ́n mú. Àtàǹpàkò mi ni mo fi dí i lójú. Gìtá wà lẹ́yìn mi, ihò rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgàdà.

Mo ké sí Oníwáyà tó so iná ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní gìtá béèsì ni, okùn mẹ́rin ló yẹ kó ní, iná ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, kò bẹ ihò kankan. Ó lọ yá sípíkà ọ̀gá ilé ìwé, ó ki wáyà bọ gìtá lára, ó ta okùn tó nípọn jù. Yéè! Ilẹ̀ mì. Ìṣó ń jó nínú agolo mi. Àyà mi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́. Adìyẹ pupa kó ọmọ rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì. Ìyá rẹ sáré dé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní ṣé ọmọ òun ló ṣe nǹkan yìí. Mo ní òun ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ lójú èmi náà, mi ò ní parọ́.

Mo wá gbé e lé itan, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ibi tí ọrùn ti wọ ara, mo ní kí n ki abẹ bọ̀ ọ́, abẹ kò ráyè. Ogójì ọdún ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn, mi ò kan irú oríkèé bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn, ojú sì tì mí.

Mi ò wá lè fi igi lásán dí irú iṣẹ́ yẹn. Igi tútù á súnkì, á ya kúrò lójú ihò. Igi tó gbẹ dénú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti gìtá, ẹyọ kan ló wà nílé, òun ni àpótí tí mo fi ń jókòó. Ṣé o rántí rẹ̀? Ìwọ lo kàn án nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo wò ó, mo ní èyí kì í ṣe àpótí, mo tún ní iṣẹ́ káfíńtà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọbìnrin. O sunkún lọ́jọ́ náà. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni pé láti ọjọ́ náà, kò sí ohun mìíràn tí mo tún jókòó lé ṣiṣẹ́. Mo fi pákó pẹlẹbẹ ti ẹsẹ̀ kúkúrú náà, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi jókòó lé e. Àpótí náà ni mo gé. Mo tẹ̀lé ìlà igi rẹ, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo fi rándà fá a, mo fi òróró pa á. Tí o bá wò ó ire, wàá rí òbíríkítí kan níbẹ̀, a kì í fi igi tan káfíńtà. Oníwáyà tún ta okùn, ó ní ohùn rẹ̀ kò yí padà. Èmi rò pé ó tiẹ̀ sàn díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Bí oníbàárà bá bínú, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ṣe é, fún un ní nọ́ńbà mi, màá bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Bí kò bá bínú, má sọ nǹkan kan. Bí ó bá sì kọ̀ ọ́, gbé e padà wálé, kò ní pọ̀ jù fún wa.

Ó ku ti owó, o mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí láìbéèrè. Fi owó pákó ránṣẹ́, ti àpótí kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé mi ò lè kàn án, kí oòrùn tó wọ̀ màá ti kan méjì. Àpótí tí èmi fúnra mi kàn kò bá mi lára mu ni. Nítorí náà, tí o bá ń bọ̀ wá mú gìtá, mú ayùn rẹ dání. Bí ẹsẹ̀ kan bá tún kúrú, mi ò ní wí nǹkan kan.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ yóò dé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò lè dé. Bí mo ṣe jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ títí mo fi hewú, ìwọ náà yóò jókòó lórí ti ọmọ rẹ. Àṣẹ. Má pẹ́ o.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣì wà ní ìdúró.