Àkùkọ Ìdẹ Kọ́ Ló Dẹ Ojóbó

Èmi, Zainuddin ọmọ Mat Akil, akọ̀wé fẹ̀yìntì ní abúlé Lubuk Petai, ìpínlẹ̀ Pahang, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi. Lèmọ́mù Saufi ni mo yàn láti mú un ṣẹ. Kí ó jọ̀wọ́ fi ìwé náà sínú ọ̀rá. Òrùlé mọ́sáláṣí ń jò.

1. Ilé mi: òfin ẹ̀sìn wa ti pín in. Ìdajì jẹ́ ti Salbiah, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Nítorí pé n kò bí ọmọkùnrin, ìdajì yòókù jẹ́ ti Jusoh, àbúrò mi. N kò lè yí i padà, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dé egungun. Salbiah, má ṣe jẹ́ kí ó sùn sí yàrá ìyá rẹ tó ti kú.

2. Oko igi eléso durian mi létí odò kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta tí òfin gbà kí n fi tọrẹ. Mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ilẹ̀ wọn ti lọ, kí wọ́n jọ máa ká a. Kí ẹnikẹ́ni má tà á láéláé.

Jusoh mọ ìdí rẹ̀. Òun ló wí fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ aṣọ yín tó dáa, sàráà ni o." Àṣé ìpàdé àwọn awakùsà ni. Wọ́n mú mi jókòó níwájú, wọ́n gbé tíì fún mi, n kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Àwọn ará abúlé yọjú, wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Bí Bàbá Din bá ti wà níbẹ̀, kò séwu," wọ́n sì fi ilẹ̀ wọn lé àwọn awakùsà lọ́wọ́. Lónìí erùpẹ̀ kùsà ti mú kí odò wa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Bí mo bá yọ sí ìsọ̀ kọfí, wọ́n á ní, "Ẹ kó adìẹ yín wọlé o, denak ti dé!"

Denak! Ṣé wọ́n tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Bàbá mi dẹ adìẹ igbó títí ó fi kú. Àkùkọ ìdẹ ni denak. A ó gbé ẹyin adìẹ igbó sábẹ́ adìẹ ilé, kí ọmọ náà lè mọ ọwọ́ ènìyàn. Bó bá dàgbà, a ó so ó lẹ́sẹ̀ nínú igbó, a ó dẹ ojóbó yí i ká. Yóò kọ, nítorí àkùkọ ni. Àwọn ti inú igbó á gbọ́, wọ́n á wá bá a jà, ojóbó á sì mú wọn. Òun kò mọ̀ pé ojóbó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ ilé wa kì í fi í pa á jẹ, bó ti wù kó gbó tó: ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kó sí ojóbó ń bẹ lọ́rùn ẹni tó dẹ ẹ́. Síbẹ̀ àwọn tó ń bú mi kò bú Jusoh rí. Òun ni wọ́n jọ ń mu kọfí!

3. Okùn àti ojóbó bàbá mi: òfin kò gbà kí n há wọn fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún mi. Nítorí náà mo ti fi wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà Jusoh láàárọ̀ yìí. Ẹrù rẹ̀ ni.

4. Jalak, àkùkọ ìdẹ mi, di ti Kelsom, opó tí oko rọ́bà rẹ̀ bá ti àwọn awakùsà lọ, tó sì kọ́kọ́ pè mí ní denak lójúkojú. Ìrẹsì wẹ́wẹ́ ni Jalak ń jẹ. Ó ń bẹ̀rù ààrá. Bí òjò bá ṣú, kí ó tètè gbé e wọlé. Kí ó má ṣe so ó mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kọ lágbàlá rẹ̀, kí ó pe gbogbo ará ìsọ̀ kọfí wá, kí wọ́n rìn yí i ká dáadáa, kí wọ́n wo ilẹ̀. Kò sí ojóbó níbẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i: Zainuddin ọmọ Mat Akil
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá, ọdún 2016

Àwọn tí ó ṣojú wọn:
Hasbullah ọmọ Lebai Deraman
Normala ọmọ Kassim, tíṣà