Orúkọ Bọ̀dá Sàníù Tó Kù Sínú Ẹ̀rọ

                                        Àdúgbò Ìdí-Ọsàn,
                                        Mónìyà, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Ọlámilékan, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun? Màmá ńkọ́? Ṣé oorun ti ń kùn wọ́n díẹ̀ láti ìgbà tí a ti ṣe fìdáù ẹ̀gbọ́n rẹ, Bọ̀dá Sàníù? Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mi ò ní lè sọ ọ́ tán.

O mọ̀ pé èmi ni mo jókòó sórí àga Bọ̀dá Sàníù ní ilé ìwòsàn báyìí. Ọwọ́ mi ni sáfà wà, kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń kó orúkọ àti àìsàn gbogbo ènìyàn sí. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iná lọ, bátìrì sì ti fẹ́ kú. Mo ní kí n tètè ti ibi tí àkọsílẹ̀ wà, kí ó má baà ṣòfò. Mo pàṣẹ kí ó sùn, kò sùn. Mo tún pàṣẹ, ó dákẹ́. Ìwọ náà mọ orí kunkun mi: mo fi ipá pa olórí iṣẹ́ inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí NÉPÀ mú iná dé, ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ kú. Mo ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú gíláàsì pé ẹnìkan ṣì wà nínú àyè àtijọ́.

Jẹ́ kí n là á yé ọ. Àyè kan wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ tí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ jọ ń lò, bí agbo ilé ṣe jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Bí olórí bá kú ikú òjijì, ẹrù máa ń kù sílẹ̀ níbẹ̀, a sì ní láti gbá a kí àwọn tuntun tó lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí o bá gbá a nígbà tí ẹnìkan ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn lè dàrú mọ́ra wọn, kò sì sí ẹni tí yóò tò ó mọ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé Rùqáyyàh, aboyún kan láti Akínyẹlé, wọlé. Ọmọ ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀ nígbà oyún àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ọkọ rẹ̀ kò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Inú sáfà ló wà. Ni Nọ́ọ̀sì Kifayah bá já lù mí.

"Roheem, ṣé ẹyin lo sàba lé ni? Gbá pàǹtírí náà dànù!"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀, Mà."

"Ta ni yóò wà nínú ẹ̀rọ? Àlùjọ̀nnú?"

Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n o rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní agbo ilé yín: a kì í wọlé láì sálámà, bí ilé náà tilẹ̀ ṣófo. Bọ̀dá Sàníù a máa sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ. Mo bá bèèrè. Ó ní ẹnìkan péré ló kù níbẹ̀. Mo bèèrè orúkọ rẹ̀.

Sàníù ló kọ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kifayah kà á láti ẹ̀yìn mi, wọ́n sì fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Má rò pé orí mi ti yí. Mo mọ ìdí rẹ̀. Bọ̀dá Sàníù ni wọ́n ṣètò ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe lójoojúmọ́ sínú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ wọn ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí ẹni tó yí i padà. Wáyà àpótí náà ló tú díẹ̀, iṣẹ́ wọn há sáàárín, kò lè lọ síwájú, kò sì fẹ́ jáde. Mo lè fi ipá pa á bí mo ṣe pa olórí rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," mo sì ki wáyà náà bọlé. Àpótí náà kùn. Iṣẹ́ parí, orúkọ wọn sì kúrò lójú gíláàsì fúnra rẹ̀.

Mo tún bèèrè. Kò sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgbà yẹn ni mo gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sáfà dìde, àkọsílẹ̀ pé. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fà sílẹ̀ de Rùqáyyàh gan-an ni èyí tí ara rẹ̀ kọ̀! Wọ́n dà á nù. Ó bí ọmọbìnrin, tìyá-tọmọ ló wà láyọ̀.

Inú gbogbo ènìyàn dùn, èmi ni mo padà lọ jókòó ti àpótí náà. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti pe ìrun àsárì, àpótí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ á yọ, wọn á ṣiṣẹ́ wọn, wọn á lọ. Nọ́ọ̀sì Kifayah kì í wọ yàrá náà mọ́. Dókítà ní kí n yọ orúkọ òkú kúrò, kí n fi tèmi sí i. Wọn kò jẹ̀bi. Lánàá, mo pàṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà sì bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mi ò tíì dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ wá kọ lẹ́tà yìí. Ìwọ lo ni òkú. Kí ni kí n sọ fún un?

Kí ìyàwó rẹ fún mi. Bá mi di ọwọ́ Màmá mú, kí o kí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n má tíì sọ fún wọn pé Bọ̀dá Sàníù ṣì ń wá síbi iṣẹ́. Wọ́n á ní kí n wá mú àwọn lọ wo ọmọ àwọn.

Èmi ni, tìrẹ lójú àti lẹ́yìn,
Roheem.