Ìjàpá Olúwatọ́mi àti Mọ́ínmọ́ín Azeezat

Ìlọrà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Adébùnmí ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo kí Olúrótìmí ọkọ rẹ, mo kí Olúwatọ́mi, mo sì kí Olúwapẹ̀lúmi kékeré tí mo fẹ́ràn, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi pa. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú ooru, nítorí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín ní Richmond, lẹ́bàá Houston, òtútù inú ilé ń mú mi gbọ̀n, ooru ìta ń sun mí, mi ò tíì mọ èyí tí ǹ bá kí yín fún. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín lórí fúrííwéè, títì ńlá yín yẹn. Àmín.

Bàbá rẹ wà dáadáa, orúnkún nìkan ló ń dà wọ́n láàmú. Adìẹ pupa ti pamọ. Bí mo bá ti kó ẹyin tán báyìí, ọṣẹ ni mo fi ń fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, bàbá rẹ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di òyìnbó. Ojú ń tì mí.

Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́, nítorí ẹ̀rù fóònù ń bà mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Pẹ̀lúmi dúró sí ọsibítù, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ìyá Cornelius ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún. Mo ní mọ́ínmọ́ín tí Azeezat gbé wá láti Alief, níbi tó ń gbé, ló wà nídìí ẹ̀, pé Azeezat, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, ń jowú ilé rẹ. Àṣé inú wáásáàpù ẹgbẹ́ obìnrin ìlú wa ní Houston ni mo ń sọ ọ́ sí! Mo pa á rẹ́ nínú fóònù tèmi, mi ò rí i mọ́, ọkàn mi balẹ̀. Mo tún pa fóònù náà fúnra rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè kú sínú ẹ̀. Ta ni yóò sọ fún mi pé ohun tí mo pa rẹ́ lọ́wọ́ mi ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ gbogbo obìnrin Houston? Kó tó di ọ̀sán, àwọn tó ń ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ Azeezat ti ní àwọn ò rà mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ló wá sí Richmond. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń búra pé òun ò fi nǹkan kan sí oúnjẹ. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ la wà tí obìnrin elétò ìlera ìjọba fi pè lórí àìsàn Pẹ̀lúmi, tí ọkọ rẹ sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ. Mò ń retí kó dé orí mọ́ínmọ́ín, ó wá ń béèrè bóyá ẹyẹ tàbí ìjàpá wà nílé. Inú bí mi. Mo ní ìjàpá Olúwatọ́mi ò ṣàìsàn, ó ń jẹun dáadáa, báwo ni ẹni tí ara rẹ̀ le ṣe máa kó àìsàn ran ẹlòmíì? Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, pé kòkòrò tó fa àìsàn náà lè wà lára ìjàpá láì ṣe é ní nǹkan kan, ara ọmọdé ni kì í gbà á. Ó bi wá léèrè ibi tá a ti ń fọ ìjàpá. Olúwatọ́mi, ọmọ tí kì í purọ́, ní Gíráńmà ló máa ń wẹ̀ ẹ́ nínú síǹkì tá a ti ń fọ abọ́.

Bùnmí, o ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọ ìjàpá níbẹ̀. Mo rò pé àṣejù yín ni. Omi inú gíláàsì tí ìjàpá ń gbé ń rùn, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fi kànìnkànìn tí ẹ fi ń fọ abọ́ fọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, mo sì fi òun náà fọ ife Pẹ̀lúmi. Azeezat ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí gbogbo yín yíjú sí mi. Mi ò lè sọ fún un pé kó dìde. Mo wọ yàrá, mo tìlẹ̀kùn, bí mo sì ṣe jáde, ilé ni mo ní mò ń lọ.

Ilé náà kò gbà mí. Ìyá Azeezat gbé iṣu wá kí mi káàbọ̀, ó ń dúpẹ́ pé mo ṣe ìyá fún ọmọ òun nílẹ̀ òkèèrè. Ó tún padà wá, mo ní kí bàbá rẹ sọ pé mò ń sùn. Lánàá, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ. Kí n tó la ẹnu, ó ní kí n jọ̀ọ́ dìde, pé òun ti gbọ́ ohùn mi nínú fóònù kí n tó wọ báálù. Ó ní iṣu yẹn, òun gbé e wá kí ọ̀rọ̀ náà lè rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ. Ó wá bi mí bóyá ara Pẹ̀lúmi ti yá. Mo bú sẹ́kún.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ nìyí, má fi ránṣẹ́ síhìn-ín. Fi ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ Azeezat, kó pọ̀, kó tó gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin jẹ nípàdé tó ń bọ̀. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, lójú wọn. Ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, má fo ibi síǹkì. Bí Azeezat bá ní òun ò tà fún ọ, má bá a jà. Padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnu mi tú ilé yín ká. Yóò wo Pẹ̀lúmi sàn délẹ̀délẹ̀. Yóò dá àwọn oníbàárà Azeezat padà fún un, yóò sì fún mi ní ojú tí n óò fi wò ó. Àmín.

Ìyá rẹ ni.