Ìkẹ́dùn fún Àlàájà Kìfáyàtù, Tí Ó Gbé Oúnjẹ Ọ̀sán Kalẹ̀ Nínú Ààwẹ̀

Ẹgbẹ́ Ìyá Rere, Ghulail, Jẹ́dà.

Sí Hàbíbátù, ìyá Ṣàfíù, àti gbogbo ẹbí Àlàájà Kìfáyàtù ní Ìwó.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, tí ọpẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, ni àwa ìyá àgbà inú ẹgbẹ́ yìí fi ń bá yín kẹ́dùn ìyá yín tó jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní Mẹ́kà. A sunkún, a ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbó, tó tọ́, tó yípo Kábà lórí àga onítáyà, tó wá sùn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láìkérora, ẹkún irú wọn kì í pẹ́ kó tó di orin. Àwa fúnra wa la wẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó fà sẹ́yìn. Èrò rẹpẹtẹ ló kírun sí i lára ní Mọ́sálásí Hàrámù. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀.

Hàbíbátù, ìyá yín pàṣẹ pé bí òun bá lọ, kí a má fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ. Kòkòrò HIV ti wà lára rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Òun kọ́ ló pa á. Dókítà Bayan, tó ń tọ́jú rẹ̀, máa ń sọ fún un pé òògùn ti de kòkòrò náà mọ́lẹ̀, ogbó ló kù tí wọ́n ń bá fà á: ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì, eegun tó ń gbẹ, kíndìnrín tí kò gba òùngbẹ rárá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́. Kó jẹun ọ̀sán, kó fi loògùn, kó mu omi dáadáa.

Àwọn ìyá mìíràn wà láàárín wa tí kòkòrò yìí wà lára wọn, tí wọ́n ń jókòó sínú yàrá, tí wọ́n ń fi òògùn sílẹ̀ lóṣù Ramadáánì nítorí kí aládùúgbò má baà rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú nílé ìwẹ̀, itan rẹ̀ kán. Ìgbà náà ni Àlàájà Kìfáyàtù dìde. Ó ká gbogbo kápẹ́ẹ̀tì tó ń gbé àgbà ṣubú kúrò nílẹ̀ ilé tí a jọ ń gbé ní Jẹ́dà níbí. Ó ní kí a kan irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Ó ṣètò pé ìyá àgbà kankan kò gbọdọ̀ dá lọ rí dókítà. Nígbà tí ààwẹ̀ sì dé, ó gbé àwo ẹ̀wà àti búrẹ́dì kalẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀, ní ọ̀sán gangan, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ó sì ń pe àwọn ìyá náà pẹ̀lú orin:

Ẹni Ọlọ́run yọ̀ǹda fún,
Ẹ má fi okùn dè é mọ́.
Ààwẹ̀ kì í ṣe ìjàkadì,
Ẹ jẹ́ kí àgbà loògùn.

Lójoojúmọ́ ló ń bọ́ aláìní nígbà ìṣínu dípò ààwẹ̀ tí kò lè gbà, bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ò ṣe é dí. Wọ́n ní, "Ẹni tó wà nítòsí Kábà tó ń jẹun ọ̀sán, bó bá dé Ìwó ńkọ́?" Àlàájì kan gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Àáfà Sàkáríyà, ẹ̀gbọ́n rẹ, kò pè é mọ́. Ó dun ìyá yín wọra. Bó bá sọ pé àìsàn ni, wọn yóò bèèrè irú àìsàn tó jẹ́, wọn yóò sì fi ojú kan náà wo gbogbo ẹni tó ń bá a jẹun. Ó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́, ó fi ọmọ rẹ̀ san án.

Ramadáánì tó kọjá, Àáfà wá ṣe úmúrà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ló wọlé, àwo wà nílẹ̀. Ọwọ́ gbogbo wa dúró lẹ́nu.

Ó ní, "Ìyá mi, òótọ́ ni wọ́n sọ?"

Ìyá yín ní, "Ṣé o ò ríran ni, Sàkáríyà? Ẹ̀wà nìyí."

Ni ó bá da òògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó dárúkọ àìsàn rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó rò pé ẹ̀yìn ọmọ lòun yóò rí kẹ́yìn. Àáfà bọ́ fìlà, ó bomi ṣanwọ́. Ó ní, "Arìnrìn-àjò lèmi náà, Ọlọ́run yọ̀ǹda fún mi. Ẹ sún díẹ̀ fún mi, ìyá mi." Inú àwo kan náà ló ti bá a jẹun.

Aládùúgbò kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Hàáà! Àáfà Ìwó náà ń jẹun?"

Ìyá yín dá a lóhùn pé, "Sáré lọ sọ ọ́, kó má baà tutù!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ náà, ìyá yín bẹ̀rẹ̀ sí í sùn wọra. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé e wá bá yín pé Àáfà jẹun ọ̀sán nínú ààwẹ̀ nílẹ̀ mímọ́, ẹ gbórí sókè. Òótọ́ ni.

Ẹgbẹ́ yìí ṣèlérí pé àwọn ìyá tí ìyá yín ń tọ́jú kò ní dá lọ rí dókítà láéláé. Bí Ọlọ́run bá sì mú ìwọ náà wá sí Hájì, àwa yóò dúró dè ọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ọ̀dọ̀ wa ni wàá wọ̀ sí.

Lọ́sẹ̀ tí ààwẹ̀ tọdún yìí bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ikú ìyá yín, a gbé àwo kalẹ̀, a sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Àwọn ìyá tí a kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ṣàìsàn wá láti àdúgbò Kàràńtínà, wọ́n kó òògùn lọ́wọ́. A ní láti lọ yá àwo kejì.

Kí Ọlọ́run Ọba, tó tu ìyá yín lára kí Ó tó mú un lọ, tu ẹ̀yin náà nínú, kí Ó fi Alùjánńà ṣe ilé rẹ̀, kí Ó má sì jẹ́ kí ìtìjú pa ìyá ẹnikẹ́ni. Àmín.

Àlàájà Tọ̀yìbátù, Ìyá Ẹgbẹ́, lórúkọ gbogbo wa.